Ọ̀rọ̀ Ilé Wa: Ẹ Ka Ara Páwà-páàkì Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ Iléyá. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tí àwọn ọmọ wa ń tò jọ fúnra wọn nínú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe torí bẹ́ẹ̀ ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí owó ìyá ni wọ́n sábà fi ń tò ó, èmi pàápàá sì ti fi ìmọ̀ràn ẹnu lásán jẹ gbèsè lórí rẹ̀.

Opó kan wà ní àdúgbò wa tí ń ta èlùbọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì ní kò lè ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ láìní kọ̀ǹpútà tí ó lágbára. Ìyá yìí dá àjọ nínú ẹgbẹ́ àsálátù wọn. Nígbà tí ó kó àjọ náà, ó fi kún èyí tí ó ti ń tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Èyí tuntun tí wọ́n ti tò tán láti ilé iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà ọmọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ yìí ní kí wọ́n ra ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òun bá wọn tò ó. Wọ́n rà á, wọ́n rà á, ó wá ku páwà-páàkì nìkan.

Páwà-páàkì ni àpótí irin kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, tí a ń ki wáyà iná bọ̀, tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ yẹẹ. Méjì ni wọ́n bá lọ́jà. Wọ́n kọ 500W gàdàgbà sí ara èkíní, wọ́n kọ 550W sí ara èkejì. Owó èkejì sì tó ìlọ́po mẹ́ta owó èkíní. Ni ìyá bá wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó ní, "Àfáà, ẹ̀yin lẹ máa ń mójú tó iná mọ́sáláṣí. Èwo ni ká rà nínú méjèèjì?" Èmi tí gbogbo ìmọ̀ mi kò ju kí n pààrọ̀ gílóòbù àti fíùsì lọ, mo dáhùn bí ẹni tí ó mọ ohun gbogbo. Mo ní, "Ìyá wa, iná kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Wáàtì àádọ́ta péré ló wà láàárín wọn. Ẹ ra èyí tí kò wọ́n, kí ẹ fi ìyókù owó ra ìwé fún ọmọ." Ó gbà mí gbọ́. Ibi tí ó ti dùn mí jù nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni kọ̀ǹpútà náà fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní òru ọjọ́ kan, ọmọbìnrin yìí parí fífa ìlà ilé tí ó ń yà, ó wá ní kí ẹ̀rọ náà sọ ọ́ di àwòrán gidi, tòun ti òjìji àti ìtànṣán oòrùn lára ògiri. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa gba ẹ̀rọ ní wákàtí púpọ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi gbọ́ "pọ́à!", òórùn ohun tó jóná sì gba inú yàrá kan. Nígbà tí ọmọkùnrin tí ó tò ó yóò fi tú u lọ́jọ́ kejì, páwà-páàkì ti kú, ó sì ti pa mọ́dábọ́ọ̀dù kú mọ́ ara rẹ̀. Díráìfù tí iṣẹ́ ọmọ náà wà nínú rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́hun fi ṣàánú wa.

Láti ìgbà náà ni mo ti lọ jókòó ti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, tèmi ti bírò àti ìwé. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ fi han yín.

Iná tí ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 230. Fóòtì yìí ni wọ́n ń fi lẹ́tà V kọ. Iná náà kì í lọ tààrà, ṣe ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà kò lè jẹ irú oúnjẹ líle bẹ́ẹ̀. Fóòtì 12, fóòtì 5 àti fóòtì 3.3 ni àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ń jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iná tí ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Iṣẹ́ páwà-páàkì ni láti gba odidi isu, kí ó sè é, kí ó gún un, kí ó sì bu fún olúkúlùkù bí ẹnu rẹ̀ ṣe mọ. Láyé àtijọ́ fóòtì 5 ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Lónìí fóòtì 12 ni. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní prósẹ́sọ̀, àti káàdì àwòrán, ìdí ìkòkò fóòtì 12 ni àwọn méjèèjì tí wọ́n ń jẹun jù yìí jókòó sí.

Nítorí náà, ẹ má wo nọ́ńbà ńlá tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí iwájú páálí. Ẹ yí àpótí náà padà, ẹ óò rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí wọ́n pín sí ojúlé ojúlé. Ẹ wá ojúlé tí wọ́n kọ +12V sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni iye áńpù máa wà, lẹ́tà A ni wọ́n fi ń kọ ìyẹn. Ẹ fi 12 sọ áńpù náà di púpọ̀, iye wáàtì tí ó lè bù fún àwọn ọ̀jẹun méjì yẹn nìyẹn. Ìṣírò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kò sì sí ohun tí ó le níbẹ̀. Èmi tí n kò lọ kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe é.

Nígbà tí a ka ti àpótí tí mo ní kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ rà, áńpù 18 ni a bá lábẹ́ +12V. Méjìlá lọ́nà méjìdínlógún, 216 ni. Níbo wá ni 500 ti wá? Àwọn kan máa ń ro ti fóòtì 5 àti ti 3.3 mọ́ ọn kí iye náà lè tóbi lójú, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà òde òní kò lo èyí tó pọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn kàn kọ ohun tí ó bá wù wọ́n ni. Nígbà tí a ka ti èkejì, èyí tí wọ́n kọ 550 sí, áńpù 45 ni a rí, ìyẹn sì jẹ́ 540. Ìyàtọ̀ tí mo pè ní wáàtì 50 lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó ju 300 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Al-Kùránì mọ Súrà Al-Mutaffifin, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, àti àwọn tí ó ń bá wí nípa òṣùwọ̀n. Mo rò ó títí bóyá ẹni tí ó ta àpótí náà mọ ohun tí ó ń tà. N kò lè búra lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ọ̀jẹun náà wàyí. Prósẹ́sọ̀ tí wọ́n rà ni Core i5-12400, èyí tí ilé iṣẹ́ Intel gbé jáde ní ọdún 2022. Wáàtì 65 ni wọ́n kọ fún un nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀ntunwọ̀nsì, ṣùgbọ́n Intel fúnra wọn kọ ọ́ pé ó lè jẹ tó 117 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. 65 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí, wọn kì í wo ìkejì. Káàdì àwòrán wọn ni GTX 1660 Super, ọ̀kan nínú èyí tí NVIDIA gbé jáde ní ọdún 2019. 125 ni tirẹ̀. Ẹ ro 117 mọ́ 125, ó di 242. Ìkòkò sì rèé, 216 ni ó gbà. Nígbà tí ọmọbìnrin yìí kàn ń fa ìlà, àwọn méjèèjì ń sùn, wọn kò jẹ ìdajì oúnjẹ wọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún fi kọjá. Lóru ọjọ́ tí ó ní kí wọ́n ṣe òjìji àti ìtànṣán, àwọn méjèèjì jí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ebi.

Àmì mìíràn sì ti wà tí a kò kíyè sí. Káàdì yẹn ní ihò mẹ́jọ tí wáyà láti ara páwà-páàkì gbọ́dọ̀ wọ̀. Ihò mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ wà fún wáàtì 150, ojúbọ̀ tí káàdì náà jókòó lé lórí mọ́dábọ́ọ̀dù sì lè fún un ní 75 sí i. Àpótí olówó pọ́ọ́kú yìí kò ní wáyà oníhò mẹ́jọ rárá. Ọmọkùnrin náà lọ ra ìsopọ̀, ó fi so wáyà méjì tí ó yẹ kí ó lọ sí ara díráìfù àtijọ́ pọ̀, ó kì í bọ káàdì. Ẹ gbọ́ o: bí páwà-páàkì kò bá ní ẹnu tí káàdì yín fẹ́, àwọn tí wọ́n ṣe é ti sọ fún yín láìlanu pé kò lè bọ́ ọ. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ó yẹ kí n sọ bí ẹ ṣe máa ṣírò tiyín. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ó ka orí àwọn tí ẹ pè, ẹ ó sì ro ti àwọn tí ẹ kò pè mọ́ ọn. Prósẹ́sọ̀, ẹ lo iye tí ó ga jù. Káàdì, ẹ lo iye tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kọ. Mọ́dábọ́ọ̀dù, mẹ́mórì, fáànù àti díráìfù, ẹ fún gbogbo wọn pọ̀ ní 50 tàbí 60. Ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wá jẹ́ nǹkan bí 300. Ẹ má wá ra 300 géérégé! Káàdì àwòrán a máa já oúnjẹ gbà lójijì, ju iye tí wọ́n kọ fún un lọ, fún ìṣẹ́jú tí ojú kò lè ṣẹ́, àpótí tí ó bá sì ti ń ṣiṣẹ́ dé góńgó lójoojúmọ́ nínú ooru ilẹ̀ wa kì í pẹ́. NVIDIA fúnra wọn ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ lo káàdì yẹn ra páwà-páàkì 450. Àwa ra 550, nítorí ọmọ lè fẹ́ pààrọ̀ káàdì lọ́la.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá kàn fẹ́ máa tẹ ìwé, kí ó máa ka íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó máa wo wàásí, kò nílò káàdì àwòrán rárá, àwòrán ti wà nínú irú prósẹ́sọ̀ tí mo dárúkọ lókè yìí. Páwà-páàkì 300 tàbí 400 tí kì í ṣe irọ́ ti tó o, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Kí ẹnikẹ́ni má ta 850 fún yín.

Ìyá kan nínú mọ́sáláṣí wa sọ pé òun kò jẹ́ ra 550, nítorí mítà yóò máa sáré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Páwà-páàkì kì í jẹ ju ohun tí kọ̀ǹpútà bá bèèrè lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ 150, nǹkan tí àpótí 550 máa bù fún un náà nìyẹn. Ohun tí ń mú mítà sáré ni òfò. Àpótí tí kò dára lè gba iná 100 wọlé kí ó jẹ́ pé 70 ni ó máa kan kọ̀ǹpútà, ìyókù á di ooru. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń lẹ àmì 80 PLUS mọ́ àwọn tí wọ́n dán wò tí òfò wọn kò pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ Bronze sí ń fi 85 jíṣẹ́ nínú 100 bí ẹrù rẹ̀ bá wà ní ìdajì, ti Gold ń fi 90 jíṣẹ́. Mo ṣírò rẹ̀ fún ìyá náà. Kọ̀ǹpútà tí ń jẹ 150, bí àpótí bá ń fi 70 jíṣẹ́, 214 ni yóò gbà lára ògiri. Bí ó bá ń fi 85 jíṣẹ́, 176 ni. Ìyàtọ̀ 38 yìí, fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, ń lọ sí bí yúnítì méje lóṣù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé yúnítì kan sí náírà 225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ti ju náírà 1,500 lọ lóṣù. Àmì yẹn kò sọ pé àpótí kò ní gbiná o. Òfò nìkan ni ó ń wọ̀n, àwọn kan sì ń tẹ irọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àpótí.

Ohun tí ń sọ nípa ààbò ni àwọn lẹ́tà kéékèèké bíi OVP, OCP, SCP. Ìtumọ̀ wọn ni pé bí fóòtì bá ga jù, tàbí tí áńpù bá pọ̀ jù, tàbí tí wáyà bá kan ara wọn, àpótí á pa ara rẹ̀ kí ó tó pa ẹlòmíràn. Àwọn wọ̀nyí ni kò sí nínú èyí tí mo ní kí ìyá náà rà. Ìdí nìyẹn tí mọ́dábọ́ọ̀dù fi bá a lọ.

Ẹ̀yin tí àwọn èèyàn yín ń fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Fóòtì 120 ni iná ilé wọn lọ́hùn-ún. Àwọn páwà-páàkì kan ní súwíìṣì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 sí apá kan, 230 sí apá kejì. Bí ó bá wà lórí 115 tí ẹ sì kì í bọ iná tiwa, ìbúgbàù ni yóò kí yín káàbọ̀. Ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n bá kọ 100–240V sí níbi INPUT kò ní wàhálà, ó ń gba méjèèjì. Bákan náà, àwọn kan lára kọ̀ǹpútà Dell àti HP ní páwà-páàkì tí ẹnu wáyà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbogbòò, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí ẹ lè fi wé e. Páwà-páàkì tí wáyà rẹ̀ sì ṣeé yọ, ẹ má yá wáyà ti òmíràn lò fún un, bó tilẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ lè jọra kí iná inú rẹ̀ máà jọra.

Ti NEPA ńkọ́? Láti ọdún 2005 ni orúkọ NEPA ti kú, ọdún 2013 ni wọ́n pín èyí tó rọ́pò rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, síbẹ̀ àwọn ọmọ wa ṣì ń kígbe "Up NEPA!" bí iná bá dé. Kí ẹ̀yin tiyín kọ́kọ́ dúró ná. Ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ, kí ẹ má sì dá a padà títí iná yóò fi fìdí múlẹ̀. Sìtábíláísà dára fún iná tí ń ga tí ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá iná tí ó ti lọ padà. UPS ni ó lè fún ọmọ láyè láti tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Páwà-páàkì gidi máa ń di iná mú fún nǹkan bí ìdá 16 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn tí iná bá lọ, UPS tó dára sì máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó tán. Bí ẹ bá ní ínfátà, èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí ni kí ẹ lò, nítorí àwọn páwà-páàkì ìgbàlódé kan kì í bá irú kejì ṣe rẹ́.

Ẹ fẹ́ eruku kúrò lára fáànù rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tú àpótí náà fúnra rẹ̀. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè tọ́jú iná tí ó ju fóòtì 300 lọ, àní lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ó lè pa ọmọdé, ó lè pa àgbà.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ kẹta tí mo fi kọ́ gbogbo èyí, mo lọ bá ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ foríjì mí. Mo sọ ohun tí n kò mọ̀ fún yín." Ó ní, "Àfáà, kádàrá ni. Ẹ má da ara yín láàmú." Mo ní kádàrá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ó gbà wá, kí ó jẹ́ kí n san owó mọ́dábọ́ọ̀dù. Ó kọ̀. A fà á títí, a parí rẹ̀ sí ìdajì, mo sì ń san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ti san ẹ̀ẹ̀mejì.

Páwà-páàkì 550 náà ni wọ́n rà, ìwé ara rẹ̀ ni èmi àti ọmọbìnrin náà jọ kà lójú ẹni tí ń tà á. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé àwòrán ti jáde. Gbogbo òru àná ni ẹ̀rọ fi ṣe é, kò sì kú. Ilé alágbàlá ni ọmọ náà yà, oòrùn ràn sí apá kan rẹ̀, ó sì ya pèpéle gbọọrọ kan síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè ohun tí pèpéle náà wà fún. Ó ní ibi tí wọn yóò máa sá èlùbọ́ sí ni.

Ìyá kan ti kọ̀wé láti béèrè bóyá fíríìjì àti kọ̀ǹpútà lè jọ wà lórí sìtábíláísà kan náà. Bí Ọlọ́hun bá dá ẹ̀mí wa sí, ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Màásàlámọ̀.